Ọbẹ̀ Àlùbọ́sà Àwọn Alábàárù: Ṣé Lóòótọ́ ni Pé Owó Ló Pa Á?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Mo gbà pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí, yálà lẹ́nu ìyá rẹ̀ tàbí lẹ́nu olóúnjẹ. Bí a bá ṣí ìkòkò, tí a rí ẹran, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ, edé àti irú tí wọ́n ń bá ara wọn du àyè nínú rẹ̀, a mọ̀ pé ẹnìkan ti tú àpò lọ́jà kí ìkòkò náà tó dé orí iná.

Ẹ̀yin olùkàwé mi, n kò wá láti ba òwe àwọn àgbà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan wà tí ó máa ń mú mi ronú lórí òwe náà nígbàkígbà tí mo bá sè é. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ilẹ̀ Faransé ni. Àlùbọ́sà ni olórí ohun èlò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́tà díẹ̀, omi eegun, búrẹ́dì tí ó ti gan, àti wàràkàṣì tí a rin sí i lórí, tí a sì fi iná yan títí ó fi yọ́ tí ó sì pọ́n. Ní alẹ́ òtútù, tàbí ní ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ènìyàn jáde, tí gbogbo nǹkan sì sú ni, àwo kan nínú rẹ̀ a máa mú ara gbóná, a sì máa fi ọkàn balẹ̀. Ní àwọn ilé àrójẹ ńlá lónìí, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ọwọ́ àwọn tí kò lówó ni a óò ti bá a. Bí kì í bá ṣe owó ni ó pa ọbẹ̀ náà, kí ni ó wá pa á? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ dáhùn nìyí. Lẹ́yìn náà, n óò sọ bí a ṣe ń sè é nílé.

Orúkọ àlùbọ́sà àti ọ̀nà tí ó gbà dé

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè ni ó kó wa jọ síbí. Àlùbọ́sà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi gbòǹgbò èdè Yorùbá dá. Àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ń pè é ní al-basal. Àwọn Hausa gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè é ní albasa. Àwa náà gbà á lọ́wọ́ Hausa, a sì pè é ní àlùbọ́sà. Ẹ wo bí ahọ́n Yorùbá ṣe tún un ṣe. Èdè wa kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn láìsí fáwẹ́lì láàárín, nítorí náà ni a ṣe fi "u" la "l" àti "b". Ọ̀nà kan náà ni àlùbáríkà àti àlùwàlá gbà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí "àlù" níwájú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ rò pé ó bá ìlù tan. Wúnrẹ̀n kékeré kan ni, èyí tí àwọn Lárúbáwá máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi hàn pé nǹkan pàtó ni wọ́n ń sọ.

Orúkọ náà fi hàn wá pé láti òkè ọya ni ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà ti tọ̀ wá wá. Títí di òní, púpọ̀ nínú àlùbọ́sà tí a ń jẹ ní Èkó àti Ìbàdàn ni ọkọ̀ ń kó wá láti Sókótó, Kébbí àti Kánò. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, àlùbọ́sà aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n ń gbìn ní Galmi lókìkí jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò àlùbọ́sà ti pẹ́ ju èyí lọ. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé àárín gbùngbùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ó ti wà ní Íjíbítì ní ayé àwọn Fáráò. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìsì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, ròyìn pé àkọlé kan wà lára pírámíìdì ńlá, pé ògbufọ̀ kan sì kà á fún òun. Àkọlé náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, sọ iye tí wọ́n ná lórí àlùbọ́sà, aáyù àti gbòǹgbò kan tí ó ń ta lẹ́nu fún àwọn tí ó kọ́ pírámíìdì náà: 1,600 tálẹ́ńtì fàdákà. Nínú Ìwé Nọ́ḿbà orí 11 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń ráhùn ní aginjù, àlùbọ́sà wà lára àwọn oúnjẹ Íjíbítì tí ọkàn wọn ń fà sí. Ẹrú ni wọ́n níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé adùn rẹ̀.

Nínú ìtàn méjèèjì, òṣìṣẹ́ ni a bá àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kò wọ́n, bí a bá sá a gbẹ dáadáa, a lè fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ń mú oúnjẹ tí kò ní ẹran dùn lẹ́nu. Ẹ fi 1,600 tálẹ́ńtì Herodotus sọ́kàn. A óò padà sí i.

Búrẹ́dì ni "soupe" kí ó tó di omi

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á sọdá sí ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irú ọbẹ̀ yìí, soupe, ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ègé búrẹ́dì tí wọ́n fi sínú àwo, tí wọ́n wá da omi gbígbóná lé lórí, òun gan-an ni soupe. Nígbà tí ó yá ni orúkọ náà ṣí kúrò lórí búrẹ́dì, tí ó di ti omi. Ní àwọn abúlé ayé àtijọ́, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yan búrẹ́dì. Kí ọjọ́ yíyàn mìíràn tó pé, èyí tí ó kù nílé ti le bí igi. Tálákà kò lè dà á nù, bẹ́ẹ̀ ni eyín rẹ̀ kò ká a. Ó ní láti fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́. Àwa náà mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: iṣu àná tí ó ti le, dídín ni a ń dín in.

Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàárín ọbẹ̀ tiwa àti tiwọn nìyẹn. Ọbẹ̀ tiwa ń wá òkèlè kiri: iyán, àmàlà, ẹ̀bà. Ọbẹ̀ tiwọn ti ní òkèlè tirẹ̀ nínú. Ẹni tí ó bá mu àwo ọbẹ̀ àlùbọ́sà kan ti jẹun.

Ní ọdún 1651, alásè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ François Pierre de La Varenne tẹ ìwé kan jáde ní Párísì, Le Cuisinier françois, tí ó di ìwé pàtàkì nínú ìtàn oúnjẹ ilẹ̀ náà. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. La Varenne ní kí a gé àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a fi bọ́tà dín in, kí a wá sè é nínú omi lásán tàbí nínú omi tí a fi se ẹ̀wà, kí a fi èèpo búrẹ́dì sí i, kí a sì kán ọtí kíkan díẹ̀ sí i nígbà tí a bá fẹ́ gbé e kalẹ̀. Kò sí wàràkàṣì níbẹ̀ rárá, kò sì sí ẹran. Alásè àwọn ọlọ́lá ni La Varenne, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kọ sílẹ̀: omi, àlùbọ́sà, búrẹ́dì. Oúnjẹ ilé tálákà ni ó bọ́ sínú ìwé àwọn ọlọ́lá.

Ọba tí ó wọ ilé ìdáná

Bí oúnjẹ bá ti dùn, a máa ń wá ọba tí a óò gbé e lé lórí. Ìtàn kan wà tí ó sọ pé Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó dá ọbẹ̀ yìí sílẹ̀ ní òru ọjọ́ kan nínú ilé ọdẹ rẹ̀, nígbà tí kò rí ohun mìíràn ju àlùbọ́sà, bọ́tà àti ọtí ṣáńpéènì lọ. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọdún 1710 ni wọ́n bí Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìwé La Varenne ti fi nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú ìbí rẹ̀.

Ìtàn kejì sàn ju èyí lọ. Ti àna Louis yìí kan náà ni, Stanisław Leszczyński, tí ó jọba ní ilẹ̀ Pólándì lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1725, ọmọbìnrin rẹ̀, Marie, fẹ́ Louis. Ní ọdún 1737, wọ́n fi Stanisław jẹ olórí agbègbè Lorraine, ó sì ń gbé ní ìlú Lunéville. Alexandre Dumas, ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé, ròyìn nínú ìwé atúmọ̀ oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1873 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé nígbà tí Stanisław ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Versailles, ó sùn sí ilé èrò kan ní ìlú Châlons. Wọ́n gbé ọbẹ̀ àlùbọ́sà fún un. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó kọ̀ láti máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ àfi bí ó bá mọ bí wọ́n ṣe sè é. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn lọ́rùn, ó ní kí alásè náà sè é lójú òun. Èéfín ń ta á lójú, àlùbọ́sà ń mú omi bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé ọba ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ alásè. Alásè kò kọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ọba. Síbẹ̀, ọbẹ̀ àlùbọ́sà "à la Stanislas" ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀ ni ó dúró. Ti ẹni tí ó sè é bá ẹ̀fúùfù lọ.

Ọjà òru ní àárín Párísì

Ibi tí ọbẹ̀ yìí ti gba wàràkàṣì sórí, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, ni ọjà ńlá kan ní àárín ìlú Párísì tí wọ́n ń pè ní Les Halles. Ọjà náà ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kejìlá. Ọba Philippe Auguste ni ó kọ́ ilé bo àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní ọdún 1183. Láti ọdún 1854, lábẹ́ ìjọba Napoleon Kẹta, ayàwòrán ilé tí ń jẹ́ Victor Baltard bẹ̀rẹ̀ sí fi irin àti gíláàsì kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá síbẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún náà. Ọdún 1936 ni méjì yòókù pé. Émile Zola kọ ìwé ìtàn àròsọ kan lórí ọjà yìí ní ọdún 1873, ó sì pè é ní Le Ventre de Paris, èyíinì ni ikùn Párísì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ gbogbo ìlú náà ń gbà kọjá.

Òru ni ọjà yìí ń ná. Nígbà tí ìlú bá sùn ni kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn àgbẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú ewébẹ̀, tí àwọn alápatà ń gbé ẹran kọ́, tí àwọn alábàárù sì ń ru ẹrù láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Àwọn alábàárù wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ tiwọn. Fìlà onígbèrí gbígbòòrò ni wọ́n ń dé kí ẹrù lè jókòó lé e. Kí ẹnìkan tó wọ ẹgbẹ́ náà, ó ní láti ru ẹrù 200 kìlógíráàmù kọjá ìrìn mítà 60. Ẹ fi ojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agogo mẹ́rin òru nígbà òtútù. Kí ni yóò jẹ? Ó nílò ohun tí ó gbóná, tí ó wúwo nínú, tí kò sì ní gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Àwọn ilé oúnjẹ tí ó yí ọjà náà ká mọ ìdáhùn. Àlùbọ́sà pọ̀ lọ́jà. Eegun pọ̀ lọ́dọ̀ alápatà. Búrẹ́dì àná kò wọ́n. Wọ́n da ọbẹ̀ sínú àwo amọ̀ tí iná kì í fọ́, wọ́n to búrẹ́dì lé e, wọ́n rin wàràkàṣì bò ó, wọ́n sì tì í sínú ààrò. Wàràkàṣì náà a yọ́, a sì di ìdérí tí kò jẹ́ kí ooru ọbẹ̀ tètè jáde. Gratinée ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a ha nǹkan, nítorí pé èyí tí ó pọ́n tí ó sì lẹ̀ mọ́ etí àwo ni gbogbo ènìyàn ń fi ṣíbí ha. Ẹni tí ó bá ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà nítorí ìrẹsì ìdí ìkòkò rí yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ní òru kan náà, àwọn ọlọ́lá tí ó ti ilé eré tàbí ilé ijó bọ̀ a máa yà síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àríyá wọn, láti fi ọbẹ̀ gbígbóná lé ọtí kúrò lójú. Alábàárù àti olówó a jọ jókòó sínú ilé oúnjẹ kan náà, wọn a sì jọ mu ọbẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń mu ún kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, èkejì ń mu ún kí ó lè lọ sùn.

Ọjà ṣí, ọbẹ̀ kù

Nígbà tí yóò fi di ìdajì ọ̀rúndún ogún, ọjà náà ti fún jù. Ọkọ̀ ẹrù ń dí gbogbo òpópó. Ní ìparí oṣù kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1969, wọ́n kó o lọ sí Rungis, ní gúúsù Párísì. Ní ọdún 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn gbọ̀ngàn Baltard, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wọn sí. Ọ̀kan tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún tò ní Nogent-sur-Marne ṣì wà níbẹ̀. Ihò ńlá kan ni ó kọ́kọ́ dípò ọjà náà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1979, wọ́n ṣí ilé ìtajà ìgbàlódé kan sí ojú ibẹ̀.

Àwọn alábàárù lọ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn kò bá wọn lọ. Ilé oúnjẹ Au Pied de Cochon, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1947 ní ẹ̀gbẹ́ ọjà náà, ṣì ń ta gratinée. Ní Amẹ́ríkà, ìwé oúnjẹ Faransé tí Julia Child àti àwọn obìnrin méjì kan tẹ̀ jáde ní ọdún 1961 kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọn yóò ṣe sè é nílé ara wọn. Bí ọbẹ̀ alábàárù ṣe di ọbẹ̀ àlejò ọlọ́wọ̀ nìyẹn. Owó tí kò bá a dé ìkòkò ní ìbẹ̀rẹ̀ wá bá a nígbẹ̀yìn, lórí tábìlì ilé àrójẹ.

Bí a ṣe ń sè é nílé

Ohun tí ènìyàn mẹ́rin yóò nílò nìyí: àlùbọ́sà kìlógíráàmù 1, bọ́tà gíráàmù 60 àti òróró ṣíbí kan, ìyẹ̀fun àlìkámà ṣíbí kan, omi tí a fi se eegun màlúù, lítà 1 àtààbọ̀, wáìnì funfun tí kò dùn, ìdajì ife, ewé táìmù díẹ̀, iyọ̀ àti ata dúdú, ègé búrẹ́dì mẹ́jọ, àti wàràkàṣì tí a ti rin, gíráàmù 200. Ẹni tí kì í mu ọtí lè fi wáìnì sílẹ̀, kí ó ṣe bí La Varenne ti ṣe, kí ó kán ọtí kíkan díẹ̀ sí i ní ìgbẹ̀yìn.

Ẹ bó àlùbọ́sà, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ mímú gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú yóò ta yín. Nígbà tí ọ̀bẹ bá la ara àlùbọ́sà, àwọn èròjà tí ó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ a dà pọ̀, wọn a sì di afẹ́fẹ́ tí ń ta ojú. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Jàpáànù tọ́ka sí èròjà pàtó tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ tí ó mú kì í tẹ àlùbọ́sà rẹ́ púpọ̀, nítorí náà omijé a dín kù.

Ẹ yọ́ bọ́tà àti òróró nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹ da àlùbọ́sà sí i, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí i, kí ẹ máa rò ó láti ìgbà dé ìgbà fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Àlùbọ́sà tí ó kún ìkòkò yóò sún kì, yóò sì di ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní funfun, yóò di bí oyin, yóò sì wá pọ́n bí orógbó tí a gbẹ́ sílẹ̀.

Ibí yìí ni àṣírí ọbẹ̀ náà wà, ibí yìí náà ni mo ti ṣìṣe nígbà àkọ́kọ́ tí mo sè é. Ebi ń pa mí, mo tan iná sókè. Etí àlùbọ́sà náà jó dúdú, inú rẹ̀ kò rọ̀. Ọbẹ̀ náà korò, mo sì dà á nù. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nínú ìwọ̀n 100 àlùbọ́sà, nǹkan bí 89 ni omi. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ooru rẹ̀ kò lè kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì lè pọ́n dáadáa. Ó dìgbà tí omi bá lọ díẹ̀díẹ̀ kí ṣúgà inú rẹ̀ tó lè yí padà, kí ìpàdé ṣúgà àti èròjà purotéènì, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ṣàlàyé ní ọdún 1912, tó lè fún un ní òórùn àti àwọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ láìlo òṣùwọ̀n: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Nígbà tí ó bá pọ́n tán, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ da wáìnì sí i, kí ẹ fi ṣíbí igi ha ìdí ìkòkò. Ẹ da omi eegun àti táìmù sí i, kí ó rọra hó fún ìṣẹ́jú 30. Láàárín ìgbà yìí, ẹ yan búrẹ́dì nínú ààrò títí yóò fi gbẹ. Ẹ bu ọbẹ̀ sínú àwo tí ó lè wọ ààrò, ègé búrẹ́dì méjì lórí àwo kọ̀ọ̀kan, wàràkàṣì lórí rẹ̀. Ẹ tì í sínú ààrò gbígbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, títí wàràkàṣì yóò fi yọ́ tí yóò sì pọ́n. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó fi sẹ́nu. Ahọ́n púpọ̀ ni ó ti bó nítorí ìkánjú.

Ọ̀rọ̀ lórí wàràkàṣì àti búrẹ́dì

Wàràkàṣì tí wọ́n ń lò ni Gruyère ti ilẹ̀ Swítsáláńdì tàbí Comté ti ilẹ̀ Faransé. Odindi Comté kan a máa gba nǹkan bí 400 lítà wàrà, ó sì gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́rin ó kéré tán kí ó tó kúrò ní ibi ìpamọ́. Sùúrù tún wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wàràkàṣì kò ṣàjèjì sí wa. Bíbélì Yorùbá lò ó nínú Ìwé Jóòbù orí 10. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà fún wa jẹ́ ìbátan rẹ̀. Oje ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n a máa fi èèpo ewé bàbà pa á láró pupa. Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé a lè fi wàrà yìí se ọbẹ̀ náà? A lè fi sè é, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kì í yọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lè dín in nínú òróró tí kò sì ní tú ká. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ dín in kí ó pọ́n, kí ẹ sì tò ó sórí búrẹ́dì. Kò ní fà bí ti Gruyère, ṣùgbọ́n yóò dùn.

Ní ti búrẹ́dì, ti Àgége dùn jù, ó sì rọ̀ jù. Yóò di pètèpètè. Àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ní àǹfààní níhìn-ín, nítorí pé búrẹ́dì gígùn eléèpo líle tí àwọn Faransé mú wá nígbà ìjọba amúnisìn ṣì wà lọ́jà wọn. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó lò ó.

Kí ni ó wá pa ọbẹ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí 1,600 tálẹ́ńtì. Ẹni tí ó kọ iye náà, bí Herodotus ṣe gbọ́ ọ, ka owó àlùbọ́sà. Kò ka wákàtí àwọn tí ó bó o, tí ó gé e, tí ó sì sè é. Bákan náà ni ìtàn Châlons gbàgbé orúkọ alásè. Bákan náà ni a ń sọ̀rọ̀ alábàárù Les Halles láìrántí ẹni tí ó dúró ti iná ní agogo kan òru, tí ń ro àlùbọ́sà, kí ọbẹ̀ tó dé ọwọ́ alábàárù ní agogo mẹ́rin.

Nítorí náà, n kò gbà pé ọbẹ̀ yìí já òwe wa nírọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí òwe náà kò dé. Ọbẹ̀ tó dùn, nǹkan ní láti kú fún un. Bí kì í bá ṣe owó, àkókò ni. Bí kì í bá sì ṣe àkókò tiwa, ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí a bá wà ní ọmọdé, tí ọbẹ̀ ń dùn nílé láìsí ẹran púpọ̀ nínú rẹ̀, a máa ń rò pé ó kàn dùn bẹ́ẹ̀ ni. Kò kàn dùn bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan dúró tì í.

Bí ẹ bá wá se ọbẹ̀ àlùbọ́sà yìí nílé yín ní alẹ́ ọjọ́ òjò kan, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò san owó rẹ̀, wákàtí méjì gbáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kékeré. Ẹ má ṣe kánjú. Bí ẹni tí ó ti ń dúró ti iná fún yín láti ìgbà èwe bá ṣì wà láyé, ẹ bu àwo àkọ́kọ́ fún un.

Kí oúnjẹ má ṣe wọ́n wa o.